Orúkọ Mi Lókè Ojú Kọ̀ǹpútà

Ilé iṣẹ́ ọṣẹ kan ní Ìkẹjà ni mo wà nígbà náà. Ìjọba alágbádá kò tíì pẹ́ tó dé. Iṣẹ́ mi ni láti máa ṣọ́ bọ́ílà, ìkòkò irin ńlá tó ń se omi di ooru tí gbogbo ilé iṣẹ́ ń lò. Mi ò kàwé jìnnà, ṣùgbọ́n mo mọ ohùn bọ́ílà bí ìyá ṣe ń mọ ikọ́ ọmọ rẹ̀.

Wọ́n gbé kọ̀ǹpútà kan sí yàrá wa, àwa mẹ́rin la jọ ń lò ó. Ojú ewé mẹ́ta la ń ṣí níbẹ̀. Èkíní ń fi bí omi àti ooru bọ́ílà ṣe rí hàn, èèyàn sì lè ti ibẹ̀ dín iná kù tàbí kó fi kún un. Èkejì la fi ń béèrè nǹkan ní sítọ́ọ̀, ẹ̀kẹta la fi ń gba ìsinmi. Páásìwọ́ọ̀dù tirẹ̀ ọ̀tọ̀ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ní. Báírò la fi kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sára ògiri.

Ínjíníà kọ̀ǹpútà wa, ọmọbìnrin kan tí àwọn òbí rẹ̀ wá láti Èkìtì, rí ògiri yẹn, ó di orí mú. Ó ní òun máa ṣe ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo. Kálukú á ní orúkọ tirẹ̀ àti páásìwọ́ọ̀dù kan. Tó bá ti wọlé lẹ́ẹ̀kan, ojú ewé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á ṣí fún un, wọn ò ní bi í mọ́. Orúkọ rẹ̀ á máa hàn lókè, ohunkóhun tó bá sì yí lára bọ́ílà, kọ̀ǹpútà á kọ ọ́ sílẹ̀ mọ́ orúkọ náà. Mánẹ́jà sọ pé ní Mọ́ńdè ló máa bẹ̀rẹ̀. Ó pín ìwé fún wa ká fọwọ́ sí i pé ohun tí wọ́n bá rí lábẹ́ orúkọ wa, àwa la ṣe é.

Àwọn yòókù fọwọ́ sí i lójú ẹsẹ̀. Èmi kà á, mo tún un kà, mo ká a sínú àpò.

Láyé àwọn ológun, ilé iṣẹ́ mìíràn lọ́nà Agége ni mo ti ń ṣọ́ bọ́ílà. Níbẹ̀, tí ẹnì kan bá pẹ́, ẹni tó ti dé á bá a sáìnì nínú ìwé iṣẹ́. Ọmọlúàbí la ka ẹni tó bá ṣe é sí. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ dá mi dúró ní Dọ̀pẹ̀mú, ọ̀rẹ́ mi sì bá mi sáìnì. Ẹsẹ̀ mi kan wà nínú géètì, ìkejì wà níta, nígbà tí bọ́ílà bẹ́. Ọ̀rẹ́ mi kú síbẹ̀. Ìwé sọ pé èmi ni mo wà nídìí iṣẹ́, ẹni tí ìbá sọ òótọ́ kò sí mọ́. Ọjọ́ mọ́kànlá ni mo lò látìmọ́lé kí wọ́n tó dá mi sílẹ̀, láìṣàlàyé ohunkóhun fún mi. Láti ìgbà náà, tí wọ́n bá pe orúkọ mi lójijì, àyà mi á já.

Ní Tọ́sìdeè, a dán ẹnu ọ̀nà tuntun náà wò. Mo wọlé, mo dín iná kù díẹ̀, mo tẹ ibi tí wọ́n ní ká tẹ̀ láti jáde, mo lọ wo omi. Nígbà tí mo padà, ẹlẹgbẹ́ mi kan, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ti jókòó síbẹ̀, ó ń fi kún iná. Mo wo òkè. Orúkọ mi ló wà níbẹ̀.

Mo bi í ìdí tó fi ń fi orúkọ mi ṣiṣẹ́.

"Ṣé mo jí i ni? Mo tẹ ojú ewé, ó ní kí n máa bọ̀. Bóyá ó rí i pé mo dára ju ìwọ lọ."

Mo rò pé èmi ni mo gbàgbé. Mo ní kó dìde. Mo tẹ àtijáde, ó kọ ọ́ pé mo ti jáde. Mo tún tẹ ojú ewé bọ́ílà. Kò bi mí ní nǹkan kan. Orúkọ mi yọ.

Mo gun àtẹ̀gùn lọ bá ínjíníà. Ó fi sùúrù ṣàlàyé pé ojú ewé dà bí yàrá, ẹnu ọ̀nà tuntun náà sì ni géètì: inú yàrá ni mo ti jáde, mi ò tíì jáde ní géètì. Géètì ṣì mọ̀ mí; tí yàrá bá bi í, á ní òun mọ̀ mí. Kí n ṣáà máa pa gbogbo rẹ̀ dé tí mo bá fẹ́ dìde. Mo ní àwa mẹ́rin la ń lò ó, ta ló máa rántí? Ó ní mánẹ́jà ò ní gbà kí Mọ́ńdè yẹ̀.

Mi ò sọ ọ̀rọ̀ Agége yẹn fún ẹnikẹ́ni rí nílé iṣẹ́ ọṣẹ, kí wọ́n má baà ní èmi ni bọ́ílà bẹ́ mọ́ lọ́wọ́. Mo ti ilẹ̀kùn.

"Ọmọ mi, wọ́n ti fi orúkọ mi tì mí mọ́lé rí, fún iṣẹ́ tí mi ò ṣe. Ẹni tó mọ̀ pé mi ò sí níbẹ̀ ti kú."

Ó dìde, ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká lọ wò ó."

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló jáde, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni orúkọ mi padà wá. Ó lọ bá mánẹ́jà, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mánẹ́jà bi í bóyá nítorí ojo àgbàlagbà kan ni. Ó ní rárá, irọ́ ni kọ̀ǹpútà á máa kọ sílẹ̀, òun ò sì ní fọwọ́ sí i. Wọ́n sún un síwájú lọ́sẹ̀ kan.

Ó ṣe é kí àtijáde máa yọ èèyàn kúrò ní géètì pátápátá. Ó tún fi kún un pé tí ẹnikẹ́ni ò bá fọwọ́ kàn án fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kó ti ara rẹ̀ pa. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni kò gbà.

"Tí omi bá ń gbẹ nínú bọ́ílà, ṣé páásìwọ́ọ̀dù ni màá máa wá kiri?"

Òótọ́ ló sọ, ẹ̀rù tún bà mí sí i. Ínjíníà wá fi wíwò sílẹ̀ fún gbogbo wa láìbi ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá fẹ́ yí nǹkan nìkan ló máa kọ orúkọ.

Ní Mọ́ńdè kejì, mo wọlé, mo jáde, mo tẹ ibi tí a ti ń dín iná kù. Ó bi mí pé ta ni. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i, ó tún bi mí. Mo yọ ìwé mánẹ́jà jáde nínú àpò, mo fọwọ́ sí i. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ jókòó, ó ń fi ìka kan wá lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ó ń kùn pé èmi ni mo kó wàhálà yìí bá àwọn. Mo dúró lẹ́yìn rẹ̀ títí orúkọ tirẹ̀ fi yọ lókè, kí n tó lọ wo omi.