Wọ́n Ro Ilẹ̀ Tó Ń Wo Ara Rẹ̀ Sàn ní Kọ́bapẹ́

Ọjọ́ tí mo ti Ọ̀fàdà dé, tí mo bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ lẹ́bàá Kọ́bapẹ́, mo rò pé mo ṣìnà ni. Ibi tí mo fi sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn pẹ̀lú igbó tó ga dé mi láyà ti mọ́ tónítóní bí àgbàlá ẹni tó ń retí àna. Àwọn lébírà wa jókòó sábẹ́ igi lójú títì, wọ́n ń jẹ gúgúrú. Búrọ̀dá Rájí, ọmọ Láfẹ́nwá tó jẹ́ fọ́ọ̀mànù wọn, wá pàdé mi tẹ̀ríntẹ̀rín.

"Ọ̀gá, ẹ kú àbọ̀. Ẹ wo iṣẹ́. A ò fi ewé kan sílẹ̀."

"Ta ló ní kí ẹ ro ó?"

"Ọ́fíìsì ni. Wọ́n ní ọ̀gá àgbà kan ń bọ̀ wá yẹ ilẹ̀ wò lọ́jọ́bọ̀, pé kí gbogbo ibẹ̀ mọ́."

Mo jókòó sórí òkúta. Kí ẹ tó sọ pé mo ti le jù, ẹ jẹ́ kí n to ẹ̀ṣẹ̀ wọn ní ẹsẹẹsẹ. Òṣìṣẹ́ igbó ọba ni mí nígbà yẹn, yunifásítì ni mo ti kọ́ iṣẹ́ náà, mo sì mọ ohun tí mo ń wí.

Àkọ́kọ́, àwọn tó ń la títì ni wọ́n gbé katakátà wọ ibẹ̀, wọ́n wa ilẹ̀ pupa lọ fi ṣe ọ̀nà. Ilẹ̀ dúdú tó wà lórí, tí ohun ọ̀gbìn ń jẹ, wọ́n ha á dànù. Ohun tó kù le bí àpáta. Bí òjò bá rọ̀, omi kì í wọlé, ńṣe ló ń gbá erùpẹ̀ lọ sínú odò kékeré tó wà nísàlẹ̀. Odò yẹn ni abúlé ń mu. Òun náà ni Ìyá Ẹfúnyẹmí, àgbẹ̀ obìnrin tí oko rẹ̀ bá ilẹ̀ náà pààlà, fi ń sin Ọbàtálá. Omi òòṣà funfun gbọ́dọ̀ mọ́ gaara, ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n sì ń pọn ọ́n. Láti ìgbà tí odò ti pọ́n, ìyá arúgbó yìí ń rìn dé odò kejì, ìrìn òwúrọ̀ di ọ̀sán, pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn ún. Ohun tó gbé wa dé ibẹ̀ gan-an nìyẹn: kí ilẹ̀ lè di ara rẹ̀ mú, kí odò lè mọ́.

Ẹ̀ṣẹ̀ kejì, ti ọ́fíìsì wa ni. Wọ́n kó èhù igi tíìkì ránṣẹ́, wọ́n ní kí a gbìn ín ní ìlà tààrà. Mo kọ̀wé sí wọn pé igbó kì í padà bẹ́ẹ̀. Koríko ló ń ṣáájú, igbó ṣákiṣàki á tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà ni igi tó ń yára dàgbà nínú oòrùn. Abẹ́ ìbòòji ìyẹn ni àwọn igi ńlá ti ń gbérí. Wọ́n ní kí n gbin tíìkì. Mo gbìn ín, ọyẹ́ pa á. Lọ́dún kejì wọ́n kó òmíràn wá. Ọyẹ́ tún pa ìyẹn.

Ìyá Ẹfúnyẹmí wò wá títí, ó bú sẹ́rìn-ín. "Akọ̀wé, ẹ ń bo òrùlé, ẹ ò tíì mọ ògiri."

"Kí ni ká wá ṣe, Ìyá?"

"Ẹ kó igi gbígbẹ dábùú ibi tí omi ń gbà, kí erùpẹ̀ lè dúró. Ẹ wá ri ọ̀pá ìyeyè mọ́lẹ̀ káàkiri. Ẹyẹ kì í bà lé afẹ́fẹ́. Bó bá ríbi bà, á yàgbẹ́. Bó bá ti yàgbẹ́, ó ti bá yín gbin nǹkan."

A ṣe bẹ́ẹ̀. Láàárín òjò ọdún méjì, koríko bo ilẹ̀, ìyeyè ta gbòǹgbò, ẹ̀pin àti ayinré yọ. Aṣofẹ́yẹjẹ ló pọ̀ jù, igi tí orúkọ rẹ̀ ti sọ ẹni tó ń jẹ èso rẹ̀. Mo gbẹ́lẹ̀ wò, mo rí ekòló. Odò ti ń mọ́ díẹ̀díẹ̀.

Ibẹ̀ la wà tí wọ́n fi ro ó. Ẹ̀ṣẹ̀ kẹta nìyẹn. Lásìkò yẹn ìjọba ológun ń lé gbogbo èèyàn kiri nítorí ìmọ́tótó, nílẹ̀ wa níbí náà, ẹni tó ń retí àlejò á ro àyíká. Wọn ò wá mọ̀ pé a kì í ro ilẹ̀ tó ní egbò.

Ẹ̀ṣẹ̀ kẹrin, tèmi ni, mi ò ní fi pamọ́. Nínú ìwé ọ́fíìsì, ohun tí a bá gbìn nìkan ni igi. Ìyókù, igbó ni. Nítorí pé n kò gbin àwọn èhù wọ̀nyẹn fúnra mi, n kò kọ wọ́n sílẹ̀. Ìwé tí mo kọ ni Búrọ̀dá Rájí tẹ̀ lé.

Ọ̀gá àgbà dé lọ́jọ́bọ̀. Kò kúrò lábẹ́ ìbòòji. "Ó mọ́ dáadáa," ó ní, ó wọkọ̀ lọ. Lọ́jọ́ kejì òjò ńlá rọ̀, odò sì pọ́n bí epo. Ìyá wá bá mi pẹ̀lú ìkòkò òfìfo lórí. Kò bú mi. Ìyẹn ló dùn mí jù.

"Gbòǹgbò ṣì wà nílẹ̀," ó ní. "Yóò tún rú. Ṣáà má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kàn án mọ́."

Báwo ni mo ṣe fẹ́ dá ọwọ́ ìjọba dúró? Nígbà tí ó rú, mo ra èèkàn, mo kùn wọ́n ní ọ̀dà funfun, bí a ti ń ṣe fún tíìkì. Lébírà kankan ò jẹ́ gé igi tí èèkàn funfun wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lílé ni wọn á lé e lẹ́nu iṣẹ́.

"Ọ̀gá, igbó la fẹ́ kan èèkàn fún?" Búrọ̀dá Rájí bi mí.

"Igbó ni."

"Wọn á ní orí wa ti dàrú o."

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́. Ẹ kan án."

Ó kàn án. Mo sì kọ gbogbo wọn sínú ìwé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ọ̀gá àgbà kan náà padà wá, ó rìn wọ àárín èèkàn, inú rẹ̀ dùn.

"Igi wo nìyí?"

"Aṣofẹ́yẹjẹ, sà."

"Níbo lẹ ti rí èhù rẹ̀ gbà?"

Kí n tó lanu, Ìyá Ẹfúnyẹmí ti dáhùn láti ààlà oko rẹ̀. "Ẹyẹ ló gbé e wá, ọ̀gá. Wọn ò tilẹ̀ gba ìwé àṣẹ."

Àwọn lébírà rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá àgbà ò rẹ́rìn-ín. Kò pẹ́ tí kúẹ́rì fi dé: kí ni ìdí tí mo fi gbin igi tí ọ́fíìsì kò fọwọ́ sí sórí ilẹ̀ ìjọba? Mo fi ìpínrọ̀ mọ́kànlá fèsì pé n kò gbin ẹyọ kan nínú wọn. Wọ́n ní mo rí wọn fín, wọ́n gbé mi lọ sídìí tábìlì ní Abẹ́òkúta kí n máa to fáìlì, kí n sì máa fọwọ́ sí ìwé ohun èlò.

Búrọ̀dá Rájí ò yé wá sí tábìlì yẹn. Lóṣooṣù ni yóò wá béèrè ọ̀dà funfun, èmi náà á sì fọwọ́ sí i láìbi í ní nǹkan kan. Lọ́jọ́ kan lẹ́yìn òjò, ó yọ ìgò kan jáde nínú báàgì rẹ̀.

"Ìyá ní kí n gbé e fún yín. Ó ní odò tiwọn ni, pé òòṣà ti mu nínú ẹ̀."

Kúẹ́rì mi wà níwájú mi níbẹ̀. Mo gbé ìgò náà lé e lórí, mo sì ń ka ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n kọ sí mi lọ́rùn gba inú omi tó mọ́ gaara náà, lẹ́tà kan ò fara sin.