Súwẹ́tà Tí Àwọn Àfòpiná Mọ̀

Ìyá Pẹ̀lẹ́ ni wọ́n ń pe obìnrin tó ń tọ́jú akọ àfòpiná nílé ìwádìí kan, torí bó ṣe ń rìn láàárín àgò wọn bí ẹni tí ọmọ ń sùn lẹ́yìn rẹ̀. Òfin kan ló le níbẹ̀: ohun tó bá ti fara kan yàrá àwọn abo kò gbọdọ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn akọ. Imú èèyàn kì í gbóòórùn abo o, àmọ́ tó bá ti lẹ̀ mọ́ni, ó lẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó bá gbé e wọlé, iṣẹ́ bọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, wọ́n fẹ́ dán iṣẹ́ Dókítà, ọ̀gá ìwádìí náà, wò. Èròjà ara kan tí wọ́n ń pè ní purotéènì, tó ní ihò nínú, wà lára ìwo tí àfòpiná fi ń gbóòórùn. Bí òórùn abo bá bọ́ sínú ihò yẹn, tó ṣe rẹ́gí, akọ a mọ̀ pé ìyàwó ń bẹ nítòsí. Dókítà ti fún ihò náà pọ̀ lára àwọn akọ inú àgò kejì, kí òórùn má ráyè wọlé.

Ìyá Pẹ̀lẹ́ gbé àgò méjèèjì sórí tábìlì. Wọn ò tíì ṣí ìgò tí wọ́n kó òórùn abo sí tí àwọn ti àgò kìíní fi ń gbọn apá, tí wọ́n ń rọ́ lọ síbi tí Ìyá Pẹ̀lẹ́ dúró sí. Àgò kejì dákẹ́ jẹ́ẹ́. Dókítà kọjú sí ọkùnrin tó mú ìgò dání lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ní ọkùnrin náà ti da òórùn sára, kó lọ kó ẹrù rẹ̀. Ọkùnrin náà ń búra pé òun ò da á.

Ìyá Pẹ̀lẹ́ mọ ohun tó fà á. Súwẹ́tà ọkọ rẹ̀ wà lábẹ́ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Olóògbé ló ń tọ́jú àwọn abo títí ikú fi mú un lọ. Obìnrin yìí ti fọ súwẹ́tà náà títí, ó ti ki imú bọ̀ ọ́ títí, kò gbóòórùn ọkọ rẹ̀ mọ́. Ó sunkún lọ́jọ́ tó mọ̀ pé òórùn náà ti tán. Òtútù àárọ̀ yìí ló mú un wọ̀ ọ́. Bó bá dákẹ́, ta ni yóò tú u wò? Ṣùgbọ́n ẹlòmíì ló ń jìyà rẹ̀ yìí.

“Ẹ fi í sílẹ̀, Dókítà. Èmi ni. Súwẹ́tà ọkọ mi ló wà lọ́rùn mi.”

Dókítà mí kanlẹ̀. Ó ní òun ò ní lé e, bó bá lè bọ́ súwẹ́tà náà kí wọ́n dáná sun ún lójú ẹsẹ̀. Ìyá Pẹ̀lẹ́ bọ́ ọ, ó gbé e mọ́yà.

“Ṣé wọ́n ṣì ń gbóòórùn ọkọ mi lóòótọ́?”

“Òórùn àwọn abo tó tọ́jú ni wọ́n ń gbọ́, mà. Kì í ṣe tiẹ̀.”

“Gbogbo ayé ẹ̀ ló fi tọ́jú wọn. Òórùn ẹ̀ náà nìyẹn.”

Ìyá Pẹ̀lẹ́ wọ súwẹ́tà náà padà, ó kó ẹrù rẹ̀, ó sì jáde.