Bí Mo Ṣe Fi Irọ́ Jọba ní Ìkàrẹ́

Òórùn gọ́ọ̀mù tútù ló kọ́kọ́ máa ń padà sí mi nímú tí mo bá rántí ọjọ́ kan ṣoṣo tí mo jọba. Páálí la fi ṣe adé náà, a lẹ bébà aláwọ̀ wúrà mọ́ ọn, mo sì gbà pé orí tèmi ni Ọlọ́run dá a fún.

Ọmọ iléèwé ni mí ní Ìkàrẹ́ nígbà náà, fóònù ò tíì dé ọwọ́ irú wa. Olùkọ́ wa ní ká ṣe eré ìbànújẹ́ àtijọ́ kan: balógun kan pa ọba rẹ̀ kó lè gorí ìtẹ́, ẹ̀san sì bá a níbẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ni wọ́n fi ṣe balógun. Èmi ńkọ́? Ìránṣẹ́ tó ń sáré wọlé wí pé, "Kábíyèsí, ogun dé," tó sì ń sáré jáde. Èmi tí ìyá mi ń sọ láti kékeré pé ojú ọba ni mo ní! Ni mo bá há gbogbo ọ̀rọ̀ balógun sórí.

Nígbà tó ku ọ̀la tí a ó ṣe eré, mo sọ fún ọ̀rẹ́ mi pé wọ́n ti gbé eré náà lọ sí gbọ̀ngàn kan ní Ọ̀kà, ìlú tó múlé ti tiwa. Ó tilẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Wọ́n wá a títí lọ́jọ́ eré, wọn ò rí i. Mo ṣe bí ẹni tí wọ́n bẹ̀, mo gbé adé. Mo ń ṣe é lọ geerege títí mo fi dé ibi tí balógun ti ń di ẹ̀bi ru ìyàwó rẹ̀. Bí mo ṣe la ẹnu, ọ̀rẹ́ mi yọ lẹ́nu ọ̀nà, eruku bò ó dé orúnkún. Ọ̀rọ̀ pòórá. Ohun tó jáde lẹ́nu ọba ni, "Kábíyèsí, ogun dé." Ẹ̀rín gba gbogbo gbọ̀ngàn.

Nígbà tí ọ̀rẹ́ mi ti sọ ibi tó ti ń bọ̀, olùkọ́ bi mí ohun tó ṣẹlẹ̀.

"Ìyá mi ni, sà. Wọ́n ní ojú ọba ni mo ní."

"Ṣé ìyá rẹ ló ní kí ọ̀rẹ́ rẹ lọ sí Ọ̀kà?"

Ọ̀rẹ́ mi ò bú mi. Ó kàn ní, "Wákàtí méjì ni mo fi jókòó níbẹ̀. Mo rò pé ìjàǹbá ọkọ̀ ló ṣe yín lójú ọ̀nà."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju ẹ̀rín lọ. Síbẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko kọjá kí n tó lè bẹ̀ ẹ́.

Ewú ti wà lórí mi báyìí. Bí mo bá ṣe àṣìṣe lónìí, ahọ́n mi á ṣì kọ́kọ́ máa wá orúkọ ẹlòmíràn kiri kó tó lè sọ pé, "Èmi ni." Mo máa ń bá a wí. Kì í ṣe ìgbà gbogbo ló ń gbọ́.