Ojú Ń Pọ́n Mi, Dókítà

"Ojú ń pọ́n mi, Dókítà."

Ohun tí Sàdíà kọ́kọ́ sọ fún mi nìyẹn, bó ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú oyún oṣù kẹjọ, ní ilé ìwòsàn kékeré tí ìjọba fi mí sí lẹ́bàá Mọ́níyà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì nígbà náà, ìwé ṣì ń run lára mi. Mo fa ìpéǹpéjú rẹ̀ sílẹ̀, mo ní kó wòkè. Ojú náà funfun bí òwú.

"Ojú rẹ kò pọ́n rárá," mo ní.

Ó bú sẹ́kún. "Kì í ṣe ẹyinjú ni mo ń wí, sà. Ìyà ló ń jẹ mí. Wọ́n fẹ́ lé mi."

Ojú tì mí díẹ̀. Ibà pọ́njú ni mo ti fọkàn sí, ibà tí í mú ẹyinjú pọ́n bí ìbẹ́pẹ, tí ìtọ̀ a dúdú bí àgbo. A ń rí i púpọ̀ ní abúlé nígbà náà.

Ìyá ọkọ rẹ̀ tó mú un wá, Ìyá Múfú, kò jẹ́ kí n tún bi í léèrè. "Ẹ jẹ́ n sọ fún yín. Látìgbà tó ti wọlé wa, ibà pọ́njú mú Múfú ọmọ mi, ọkọ rẹ̀. Ó tún mú àbúrò Múfú, díẹ̀ ló kù kó lọ. Ìyá tó bí òun fúnra rẹ̀, ikùn ló wú u, tí ojú rẹ̀ pọ́n títí ó fi kú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà, bẹ́ẹ̀ ni. Kó lọ bí i sí Ìjàyè nílé bàbá rẹ̀. N ò fẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ìbímọ yẹn kan ilẹ̀ wa."

"Òun ńkọ́, Ìyá? Ṣé ibà náà ti mú un rí?"

"Kò mú un rí. Ìyẹn gan-an ló ń bà wá lẹ́rù!"

Ọ̀rọ̀ yẹn rán mi létí ẹ̀kọ́ kan ní yunifásítì. Ọ̀gá kan ti kọ́ wa pé irú ibà pọ́njú kan wà tó ń gba inú ẹ̀jẹ̀ rìn, àti pé ẹlòmíràn lè gbé e sára fún ọdún pípẹ́, kó máa roko, kó máa jẹun, kí ojú rẹ̀ mọ́ kedere. A kò tíì ní àyẹ̀wò tí yóò fi í hàn. Àmọ́ ìyá yìí kò purọ́. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ara Sàdíà ni àrùn náà bá wọlé, láti ara ìyá tirẹ̀.

Bó ṣe dé ọ̀dọ̀ ọkọ kò ṣòro, tọkọtaya ni wọ́n. Àbúrò ọkọ ńkọ́? Ìbéèrè yẹn kò ṣeé bi níwájú ìyá ọkọ.

Ibi tí mo ti ń rò ó ni mo rí àpá wẹ́wẹ́ tó tò lọ́rùn ẹsẹ̀ Sàdíà.

"Ìyá, ta ló sín gbẹ́rẹ́ yìí?"

"Èmi ni. Gbẹ́rẹ́ ejò ni. Kí iṣẹ́ oko tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dọọdún, èmi ni mo ń sín in fún gbogbo ilé. Ọwọ́ mi fúyẹ́, ẹ bi wọ́n léèrè."

"Ta lẹ kọ́kọ́ sín fún lọ́dún tó kọjá?"

"Ìyàwó tuntun ni. Mo fi dá a lọ́lá. Lẹ́yìn rẹ̀ ó kan Múfú, lẹ́yìn Múfú ó kan àbúrò rẹ̀."

"Abẹ kan náà?"

"Abẹ mélòó lẹ fẹ́ kí n ní? Ṣé mo ń ta abẹ ni?"

Mo ṣàlàyé fún un bí ẹ̀jẹ̀ tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ ṣe lè gbé àrùn láti ara ẹnì kan dé ara ẹlòmíràn. Ó wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì.

"Èmi ni mo pín in, àbí?"

"Ẹ ò mọ̀, Ìyá. Àwa gan-an ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ̀ ọ́n ni. Abẹ ni kẹ́ ẹ lé, ẹ má lé ìyàwó."

Ó dìde, ó tún gèlè rẹ̀ wé. "Sàdíà, dìde, ká máa lọ sílé." Mo rò pé ilé bàbá rẹ̀ ní Ìjàyè ló ń wí. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó bojú wẹ̀yìn. "Ilé wa ni mo wí o, Dókítà. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn."

Ọ̀dọ̀ wa ni Sàdíà bímọ sí, ọkùnrin, Ráṣídì. Kí Ìyá Múfú tó gbé ọmọ náà mọ́ra, ó fa ìpéǹpéjú rẹ̀ bó ti rí mi ṣe é. "Funfun ni!" Gbogbo yàrá rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo mọ̀ pé ojú funfun kò sọ ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀, a kò sì ní ohunkóhun lọ́wọ́ láti fi dáàbò bo ọmọ tuntun.

Mo ti fẹ̀yìn tì tipẹ́ kí Sàdíà àti Ráṣídì tó tún wá kí mi, orí ìyá ti funfun. Àyẹ̀wò ti dé, ó sì fi hàn pé àrùn náà wà nínú ẹ̀jẹ̀ tìyátọmọ. Dókítà ń tọ́jú wọn, wọ́n ń lo oògùn. Àmọ́ àwọn ọmọ Ráṣídì gba abẹ́rẹ́ àjẹsára lọ́jọ́ tí wọ́n bí wọn, ẹ̀jẹ̀ wọn sì mọ́. Ráṣídì ní títí ìyá àgbà fi kú, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ yá abẹ ẹnìkejì lò nínú ilé wọn.

"Sàdíà," mo ní, "ojú ńkọ́?"

Ó fọwọ́ fa ìpéǹpéjú rẹ̀ sílẹ̀ sí mi, ó ń rẹ́rìn-ín. "Kò pọ́n mi mọ́, Dókítà. Ẹyinjú tẹ́ ẹ wò lọ́jọ́sí kò pọ́n, ìyà tẹ́ ò rí náà ti tán."