Yàrá Tó Ń Dá Bàbá Lóhùn

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ń fi fóòmù àti aṣọ wọ àga fún gbogbo àdúgbò. Ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú, àmọ́ olóríkunkun ni.

Ojú Bàbá wa ti fọ́ láti ọdún mẹ́ta. Etí ni wọ́n fi ń wo fíìmù, nínú yàrá kékeré tí a gbé tẹlifíṣọ̀n àti sípíkà ńlá méjì sí. Ohùn á lu ògiri, á padà, ọ̀rọ̀ á dàrú. Bàbá ní, "Bó bá di Sátidé tí n kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, ẹ gbé tẹlifíṣọ̀n yìí fún ẹlòmíràn. Ó ti sú mi." Ẹ̀rù bà mí. Yàtọ̀ sí fíìmù, kí ló kù tí wọ́n ń jí fún?

Ẹ̀gbọ́n mi lẹ páálí ẹyin mọ́ gbogbo ògiri kó lè gba ohùn mọ́ra. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ìka tó tọ́ símú la fi í ro ó. Páálí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yìí?" Ó ní kí n panu mọ́. Bàbá pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. Pá! Yàrá dá wọn lóhùn: pá!

Bàbá ní, "Ṣé adìyẹ lẹ fẹ́ máa sìn níbí ni?" Mo rẹ́rìn-ín, ẹ̀gbọ́n mi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá mi létí.

Ní Jímọ̀, ó kan férémù pákó mẹ́fà tó fẹ́ ki aṣọ sí kí wọ́n lè mu ohùn. Ó jókòó sórí àga Bàbá, mo ń gbé dígí rìn lára ògiri. Ibi tó bá ti rí sípíkà nínú dígí, ibẹ̀ ni ohùn ti ń ta padà, ibẹ̀ la sàmì sí láti gbé férémù kọ́. Àkísà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò kún ju férémù méjì lọ. Ló bá yíjú sí àpótí aṣọ ìyá wa tó ti kú, èyí tí Bàbá ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn.

Mo ké pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò!"

Ó ti ṣí i.

Ní Sátidé, Bàbá pàtẹ́wọ́. Kẹ́kẹ́ pa mọ́ yàrá lẹ́nu. Fíìmù bẹ̀rẹ̀, Bàbá ń tún ọ̀rọ̀ àwọn òṣèré sọ lábẹ́nu. Lójijì wọ́n dìde, wọ́n ń fọwọ́ pa ògiri. Ọwọ́ wọn dúró lórí bọ́tìnì kan lábẹ́ aṣọ tó bo férémù: ti kóòtù òtútù ìyá wa.

"Ta ló ṣí àpótí?"

Ẹ̀gbọ́n mi kúnlẹ̀. "Èmi ni, Bàbá. Ẹ dárí jì mí." Ó ti ń sunkún.

Bàbá di bọ́tìnì náà mú.

"Ogójì ọdún ni ìyá yín fi ń bẹ̀ mí kí n dín ariwo tẹlifíṣọ̀n kù." Wọ́n fa àga wọn sún mọ́ ògiri. "Ó mà ti wá rí i ṣe."