Ìlà Tí Ọkọ Mi Pa Rẹ́

Pa-á-wò ni gbogbo èbúté ń pe ọkọ mi, orúkọ náà sì bá a mu. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa tún ẹ̀rọ awẹ́ja ṣe, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tí àwọn apẹja máa ń gbé síwájú ọkọ̀, tó ń fi ìsàlẹ̀ omi àti ẹja tó wà níbẹ̀ hàn wọ́n bí ẹni ń wo tẹlifíṣọ̀n. Tí ojú ẹ̀rọ bá ń ṣe wúruwùru, tí ìlà ń gba orí rẹ̀ kọjá, tàbí tó ń fi ẹja hàn níbi tí ẹja kò sí, òun ni wọ́n máa ń ránṣẹ́ pè. Kì í tú nǹkan kan kó tó pa gbogbo ohun tó ń lo iná nínú ọkọ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan. Á pa rédíò, á wo ojú ẹ̀rọ. Á pa gílóòbù, á tún wò ó. Á pa pọ́ǹpù. Èyí tí ìlà bá bá lọ ni ọ̀daràn. Onísùúrù nìkan ló lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ọkọ mi sì ní sùúrù, àfi tí oúnjẹ bá pẹ́.

Láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn ló ti wá ń ṣe é nínú ilé pẹ̀lú. Mo lè máa lọ aṣọ lọ́sàn-án gangan, ṣàdédé ni iná á kú. Tí mo bá jáde, màá bá a níbi súìṣì, tó tẹ́tí sílẹ̀.

"Kí lò ń gbọ́?"

"Kò sí nǹkan kan."

Á pa fáànù, á pa fíríìjì, á gbé etí lé ògiri. Lákọ̀ọ́kọ́ mo rò pé obìnrin ló gba ọkàn rẹ̀. Mo bínú gan-an, mo yẹ fóònù rẹ̀ wò tinútòde, mi ò rí ju àwòrán wáyà lọ. Nígbà tó yá, ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí. Ó rù, egungun èjìká rẹ̀ yọ. Tó bá jókòó sídìí oúnjẹ, á máa fi ìka lu tábìlì, á máa kà á lábẹ́lẹ̀ títí dé àádọ́rùn-ún, á dúró, á wá mí kanlẹ̀. Ó ní òun ń gbọ́ ọ tó ń ṣiṣẹ́. Mo ní kí ló ń ṣiṣẹ́? Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í kà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, opó atukọ̀ kan wọ ṣọ́ọ̀bù wa. Ọdún mẹ́rin náà ni ọkọ rẹ̀ ti bá ọkọ̀ rì, òun nìkan ló wà nínú rẹ̀. Omi pa rọ́rọ́ lọ́jọ́ náà, kò sí ìjì, kò sí òjò. Ìdí nìyẹn tí èbúté fi sọ pé ṣe ló mutí, tó sùn lọ, tí kò mọ ìgbà tí omi wọlé. Mo mọ̀ pé wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ nítorí èmi náà bá wọn sọ ọ́. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, àmọ́ bó ṣe rí nìyẹn. Tí obìnrin náà bá ń kọjá, a máa ń rẹ ohùn sílẹ̀, a kì í dákẹ́.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá," ló wí. "Ọkọ̀ tuntun tí mo rà, tí àbúrò mi ń wà, ìlà ń gba ojú ẹ̀rọ rẹ̀ kọjá. Á wá, á tún lọ."

Irin tí ọkọ mi mú dání bọ́ sílẹ̀. "Ìṣẹ́jú mélòó ló wà láàárín wọn?"

"Ṣé mo jókòó kà á ni? Ẹ ṣáà bá mi pa á rẹ́. Ọkọ mi sọ fún mi nígbà ayé rẹ̀ pé ẹ̀yin lẹ pa tòun rẹ́, tí ojú ẹ̀ mọ́ bíi dígí."

"Mi ò ní pa á rẹ́," ni ọkọ mi wí, ó sì ti gbé àpò irinṣẹ́ rẹ̀. Ojú rẹ̀ kò dára rárá, ni mo bá ti ṣọ́ọ̀bù, mo tẹ̀ lé wọn.

Nínú ọkọ̀ náà, kí ó tó tan ẹ̀rọ rárá, pákó ìsàlẹ̀ ló kọ́kọ́ ṣí. Ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ títí dé ìgbọ̀nwọ́. Gbígbẹ ló bá a. Ó wá tan ẹ̀rọ, a sì rí ìlà náà lóòótọ́, gbọọrọ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó pa gílóòbù, ìlà ò lọ. Ó pa pọ́ǹpù, kò lọ. Ó pa rédíò, ojú ẹ̀rọ sì mọ́. Ẹnì kan ló so wáyà rédíò pọ̀ mọ́ wáyà ẹ̀rọ, ó fi téèpù wé wọn. Ọkọ mi já téèpù náà, ó gba ọ̀nà ọ̀tọ̀ mú ọ̀kan kọjá, ó tún tan rédíò. Ìlà kankan ò yọjú mọ́. Gbogbo rẹ̀ ò tó wákàtí kan.

Obìnrin náà pàtẹ́wọ́. Àmọ́ ọkọ mi ti padà sídìí pákó, ó ń fi ọwọ́ pa igi inú ọkọ̀ náà láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì.

"Ọ̀gá, kí lẹ tún ń wá? Ṣebí ẹ ti rí i."

Kò gbé ojú sókè. "Ìlà ti ọkọ yín, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún-mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló fi ń dé. Á ṣe ìṣẹ́jú kan àti ààbọ̀, á lọ. Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi. Ẹja pọ̀ nígbà yẹn, ó ń kánjú, ó ní kí n ṣe é kíá. Mi ò pa nǹkan kan wò. Ibì kan wà nínú ẹ̀rọ yẹn téèyàn lè tẹ̀ tó máa fi ìlà pamọ́. Mo tẹ̀ ẹ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó dúpẹ́, ó lọ. Ọjọ́ mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà ni wọ́n ní ọkọ̀ rì. Mo ṣí ìwé mi, mo sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Pọ́ǹpù ló ń fa ìlà náà. Pọ́ǹpù tó ń fa omi jáde ló ń tan fúnra rẹ̀, ariwo ẹ́ńjìnì ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ọ. Ọkọ̀ ń jò. Ẹ̀rọ yẹn ń sọ fún wa, èmi ni mo pa á lẹ́nu mọ́."

Ọdún mẹ́rin tí mo fi ń bínú nítorí fíríìjì, ohun tó ń gbọ́ nìyẹn.

Obìnrin náà rọra jókòó sórí àwọ̀n tí wọ́n ká jọ. Mo rò pé yóò gbá a létí, mo sì fẹ́ kó gbá a, kí ọ̀rọ̀ lè parí síbẹ̀.

"Ṣé ìyẹn ni pé kò mutí?"

"Mi ò sí níbẹ̀, mi ò mọ ohun tó mu. Àmọ́ ọtí kọ́ ló mú ọkọ̀ náà rì."

Ibẹ̀ ni mo ti kúnlẹ̀. Ẹ̀rù iṣẹ́ wa ló bà mí, mi ò ní purọ́. Ta ló máa tún gbé ẹ̀rọ fún un tí èbúté bá gbọ́? "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dákun," ni mo wí, "ẹ̀yin náà ti wá mọ òótọ́ báyìí. Ẹ jọ̀ọ́, kó mọ sọ́dọ̀ yín. Ẹ bá wa bò ó."

Ó wò mí, kò bínú, ó kàn dà bí ẹni tó ti rẹ̀.

"Ìyàwó, èmi mọ̀ láti ọjọ́ tó ti kú pé kì í mutí. Àwọn ọmọ mi ni kò mọ̀. Wọ́n wà nílé báyìí. Ẹ dìde, ẹ wá sọ ọ́ fún wọn."

Ọkọ mi ti ń nu ọwọ́ rẹ̀. Èmi ni mi ò lè dìde.