Ọjọ́ Tí A Jókòó Sójú Ọ̀nà Etí Odò ní Runjin Sambo

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń bi mí bí a ṣe ja ìjà odò Runjin Sambo, àdúgbò wa ní Ṣókótó, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ọ́. Kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn tí àwọn ológun gbàjọba ní ìparí ọdún 1983 ni. Nígbà náà, tí ènìyàn mélòó kan bá dúró pọ̀ lójú títì ní Ṣókótó, ọ̀kan nínú wọn á ti máa bojú wẹ̀yìn.

Iṣẹ́ jórinjórin ni mò ń ṣe níbẹ̀. Odò kékeré kan ń ṣàn lẹ́yìn ilé wa, àmọ́ pàǹtí ti fún un lọ́rùn títí kọ̀ǹkọ̀ pàápàá fi kó lọ. Àwa oníṣẹ́ ọwọ́ àti àwọn Hausa tó ń gbin àlùbọ́sà létí rẹ̀ la jọ kó pàǹtí náà kúrò. A gbin eèsún àti igi padà sí bèbè. Nígbà tí òjò ọdún kejì dé, lékeléke ti ń sùn síbẹ̀, pẹ́pẹ́yẹ odò sì ti pamọ. A wá ń la ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ sí etí rẹ̀, kí tọmọdé tàgbà lè máa rìn ín dé títì ńlá láìbá mọ́tò du ọ̀nà. Ó ku díẹ̀ kó kan títì la gbọ́ pé ìjọba ti fún ẹnì kan nílẹ̀ náà láti kọ́ ṣọ́ọ̀bù. Wọn yóò da yẹ̀pẹ̀ dí odò pa.

Ìyá Rámọ́tù, ará Ìlọrin tó ń ṣe búrẹ́dì, ló ní ká lọ jókòó sójú ọ̀nà náà. Mo lọ, àmọ́ kì í ṣe pé mo láyà. Ojú ló tì mí láti sá lójú obìnrin tó tó ìyá mi. A tẹ́ ẹní, a jókòó.

Típà dé, ó kún fún yẹ̀pẹ̀. Ṣójà méjì tẹ̀ lé e nínú mọ́tò tiwọn, tìbọn-tìbọn.

“Ku tashi,” ni ọ̀kan wí, pé ká dìde. Àwọn kan dìde lára wa, wọ́n lọ. Èmi náà ti gbé ìdí kan nílẹ̀. Ṣójà náà wá juwọ́ sí dírẹ́bà pé kó máa bọ̀. Típà sún mọ́ wa tó bẹ́ẹ̀ tí ooru ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń fẹ́ sí mi lójú.

Dírẹ́bà yọrí síta. Yorùbá ni.

“Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ dìde. Wọ́n rán mi níṣẹ́ ni.”

Ìyá Rámọ́tù ò mira. “Ọmọ ibo ni ẹ́?”

“Ọ̀yọ́ ni, mà.”

“Ará Ọ̀yọ́. Ṣé orí mọ́tò lo ti máa ń kí ìyá tó bí ẹ?”

“Ẹ má bínú, mà.”

“N ò bínú. Tó o bá fẹ́ gun orí mi kọjá, kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀ wá kí mi. Kò ṣáà ní pẹ́.”

Mo rò pé ikú ló ń bá ṣeré yẹn.

Ọkùnrin náà pa ẹ́ńjìnnì, ó sọ̀kalẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ sínú eruku. Ìyá Rámọ́tù kí i dáadáa. Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé àlàáfíà ni bàbá wà nílé? Ó ń dáhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣójà ní kó padà gun mọ́tò. Ó dìde, ó gbọn aṣọ, ó wo típà, ó tún wo Ìyá Rámọ́tù.

“Ọ̀gá,” ó sọ ọ́ lédè Hausa, “mo ti kí wọn tán. N ò lè ṣe é mọ́.”

Wọ́n gbá a létí. Wọ́n ju òun àti Ìyá Rámọ́tù sẹ́yìn mọ́tò wọn, wọ́n lọ. Àwa tó kù jókòó síwájú típà náà títí oòrùn fi wọ̀. Ẹ má pè é ní ìgboyà. Kò sẹ́ni tó fẹ́ jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tó máa dìde ni.

Wọ́n dá Ìyá Rámọ́tù sílẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò padà wá da yẹ̀pẹ̀, ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù sì kú díẹ̀díẹ̀. Odò ń ṣàn, ẹyẹ ń yé sínú eèsún. Ohun tí a rí gbà nìyẹn. Àmọ́ wọn ò jẹ́ ká fọwọ́ kan ọ̀nà náà mọ́. Ó dúró síbi tí a jókòó sí, ibẹ̀ sì làwọn ọmọ iléèwé ti ń bọ́ sáàárín mọ́tò dòní. Ẹ bá wa parí rẹ̀.

Ní ti dírẹ́bà yẹn, tí wọ́n yà sọ́tọ̀ kúrò lọ́dọ̀ Ìyá Rámọ́tù ní àtìmọ́lé, a wá a níbẹ̀, a wá a ní gáréèjì. Wọ́n ń bi wá pé dírẹ́bà wo. Gbogbo ará ilé rẹ̀ ni Ìyá Rámọ́tù béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà, kò sì sẹ́ni tó béèrè orúkọ rẹ̀.